Mẹ́wàá Ni Wọ́n Ní Kí N Mú

Baldomero, olóòtú wa, ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀:
"Mẹ́wàá ni, Evaristo, kì í ṣe méje.
Ilé ìtẹ̀wé ń dúró dè wá."
Oòrùn oṣù Kejìlá ń yan Montevideo bí ẹní yan ẹja,
fèrèsé mi ṣí sí odò tó fẹ̀ débi
pé àlejò ń pè é lókun, a kì í bá wọn jiyàn.
Ìkorò ewé mátè ti tán nínú ahá,
mo ṣì ń da omi gbígbóná sí i.
Tíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́ta ló wà lórí tábìlì:
ọdún kan gbáko tí mo fi jókòó sínú òkùnkùn,
tí mò ń wo ìmọ́lẹ̀ onílé-onílé.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi èyí tí n kò ní í mú bẹ̀rẹ̀.
Èyí tí wọ́n ná òkè owó lé lórí,
tí ẹgbẹ̀rún ẹṣin ń sáré nínú rẹ̀:
mo sùn.
Mo jí, ẹṣin ṣì ń sáré.
Mo tún sùn.

Ọ̀kan ti ilẹ̀ oníyìnyín wá.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, obìnrin méjèèjì, fi ṣọ́ọ̀kì pín ilé ìyá wọn.
Ilà gba àárín ibùsùn, ó gba orí sítóòfù,
ó la fọ́tò ìgbéyàwó sí méjì.
Ológbò nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀,
bí ẹni tí wọn ò ka òfin náà fún.
Mo fi í sí ipò kẹta.
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Salto;
ọjọ́ tí a ta ilé bàbá wa la ti bára wa sọ̀rọ̀ mọ.
Alámèyítọ́ wo ni kì í di ẹrù tirẹ̀ wọ sinimá?

Ojú ń tì mí láti dárúkọ èyí tó tẹ̀ lé e:
ajá tí wọ́n dìbò yàn ṣe olórí ìlú.
Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran;
èmi rẹ́rìn-ín títí n kò ríran mọ́,
eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí obìnrin iwájú.
Ipò kejì. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Ó wá ku ọ̀kan.
Alẹ́ òtútù kan nínú oṣù Keje ni,
nínú gbọ̀ngàn kékeré ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, àwa márùn-ún péré.
Ọkùnrin kan gbé ìlẹ̀kùn pọ̀n,
ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.
Ó dé àárín pápá, ó nà án ró,
ó na ọwọ́ sí ọwọ́ ìlẹ̀kùn,
iná lọ.

Hermelinda tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì gbé tọ́ọ̀ṣì wọlé:
"Iná ò ní í dé mọ́ lálẹ́ yìí o."
Kò sẹ́ni tó dìde.
Bàbá tó ń tún awò ojú ṣe ní ìyàwó ọkùnrin náà ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
Ọmọ ilé-ìwé kan ní rárá, atẹ́gùn lásán ni.
Hermelinda pa tọ́ọ̀ṣì kí bátìrì má baà tán,
ó sọ nínú òkùnkùn pé:
"Kò ní í ṣí i. Ó kàn fẹ́ rí nǹkan dì mú ni."
A ò mọ ìgbà tí aago méjìlá lù.

Wọ́n ti fi díìsìkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti oṣù Kẹsàn-án.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, n kò tíì tú ìdì rẹ̀.
Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo:
mo kọ ọ́ sí ipò kìn-ín-ní,
fíìmù tí n kò wò parí.

Fóònù tún ń dún.
"Mẹ́ta tó kù ńkọ́, Evaristo?"
Mo ní kó fi ẹṣin dí i.